Abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, ta ló ni ín?

Ọmọ_Òkèsà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Àná ni mo dé láti Èkó, ìkómọ ọmọ àbúrò mi la lọ ṣe ní Festac, nígbà tí a ṣe tán tí mo fẹ́ kọjá sí Island, àbúrò mi ní kí n fi dánfó sílẹ̀, kí n lọ gun tírénì búlúù yẹn ní Mile 2. Mo ti ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ láti September 2023 tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, mi ò gùn ún rí. Kìlómítà 13 ni, téṣàn 5 péré: Mile 2, Alaba, Iganmu, National Theatre, Marina. Èèyàn ò ní jẹ gúgúrú tán kó tó dé.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Ìyá àgbàlagbà kan wà níwájú mi níbi àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé èèyàn gòkè. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dá a padà, ó tún gbé e, ó tún dá a padà, ló bá bọ́ bàtà ẹ̀ méjèèjì sọ́wọ́, ó ní "Jésù gbà mí", ó sì fò lé e. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dókè tán ó yíjú padà ó ń wo àtẹ̀gùn náà bí ẹni tó dá èèyàn ní ìjàkadì. Inú ọkọ̀ mọ́, ó tutù, ìgbà tó wá gun orí afárá tó gba orí ọ̀sà lọ sí Marina gbogbo wa ló yọ fóònù, torí èmi tí mo ti ń lọ Èkó láti 1994, mi ò rí ìlú yẹn láti ibẹ̀ yẹn rí, omi lọ́tùn-ún lósì, àwọn ilé gíga Marina ń bọ̀ wá pàdé wa.

Àmọ́ nǹkan kan ò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Ní ìhà Iganmu àti National Theatre, òkè ni irin náà wà, òpó kọ́ńkéré gàgàrà ló gbé e. Mo wá ń bi ara mi pé òkè ti di ti tírénì, ìsàlẹ̀ ńkọ́? Òjìji tó wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn, ta ló ni ín? Wọ́n náwó sókè, ṣé ẹnikẹ́ni jókòó ro ti ìsàlẹ̀? Tí rélùwéè bá wọ Èkìtì lọ́jọ́ kan, irú abẹ́ wo la fẹ́?

Ẹ̀fẹ̀_ni_mo_ń_ṣe
Ẹ̀gbọ́n, Èkìtì tí ò ní irin kan ṣoṣo, ẹ ti ń pín abẹ́ ẹ̀. Wọn ò tíì pa ẹran, ẹ ti ń jà sí ẹ̀dọ̀ 😂😂

Ọmọ_Òkèsà
Àbúrò, ìgbà tí wọn ò tíì pa á náà ló yẹ ká sọ ẹni tó ni ẹ̀dọ̀. Tí wọ́n bá ti da kọ́ńkéré tán, ta ni yóò gbọ́ tiwa?

Akítẹ́ẹ̀tì_kékeré
Ẹ̀gbọ́n Òkèsà, ẹ ṣeun o, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ń kà ní ilé ìwé, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ sí i. Irin tó bá wà nílẹ̀ máa ń dí ọ̀nà, èyí tó wà lókè máa ń dá òjìji sílẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ń jẹ owó bí iná. Kò sí èyí tí kò ní tiẹ̀. Ẹ wo Red Line tó lọ láti Agbado dé Oyingbo, kìlómítà 27, téṣàn 8, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024. Ilẹ̀ nìyẹn wà, irin Èkó sí Ìbàdàn náà ló ń lò, torí náà kí ọkọ̀ má baà máa sọdá lójú irin wọ́n ní láti kọ́ afárá fún mọ́tò ní Ikeja, Mushin, Yaba àti Oyingbo. Ó dáa fún mọ́tò. Àmọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó máa ń sọdá lọ ra ata ní òdìkejì, irin ti di ògiri fún un nìyẹn, ó ní láti gòkè kó tún sọ̀ kalẹ̀ kó tó débi tí ojú ẹ̀ ń rí. Ní Addis Ababa tí wọ́n ti ṣí tírénì kékeré tiwọn ní 2015, ẹjọ́ kan náà làwọn èèyàn ń rò, ibi tí irin gba àárín títì tí wọ́n sì fi ọgbà yí i ká, ìrìn díẹ̀ di ìrìn gígùn.

Ẹ má sì gbàgbé pé ojúde ni ojú irin jẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó bá mọ Oshodi kí wọ́n tó kó ọjà yẹn kúrò ní 2009 á rántí. Lórí irin gan-an ni wọ́n ń pàtẹ. Tírénì á fun fèrè, àwọn ìyá á ká ẹní, á kọjá, wọ́n á tún tẹ́ ẹ padà bí ẹni pé ewúrẹ́ ló kọjá. Mi ò sọ pé ó dáa, ẹ̀mí ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ ó fi hàn pé ibi tí èrò bá ti ń kọjá, ọjà ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ ya àyè fún un ni o, ẹ ò ya àyè fún un ni o.

Bàbá_Ìfàkì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní Èkìtì ò mọ rélùwéè, ẹ bá mi sọ fún un pé Òṣogbo ni téṣàn tiwa. Irin yẹn wọ Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì fi wa sílẹ̀ sẹ́yìn òkè. Ní 1961 nígbà tí mo fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kàdúná, lọ́rì ló gbé wa láti Ìfàkì dé Òṣogbo, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú nítorí pé tírénì pẹ́. Ibi tí a sùn lẹ ó gbọ́. Abẹ́ òrùlé plátífọ́ọ̀mù. Òrùlé náà nà jáde bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa, òpó gbé e, bẹ́ńṣì gígùn wà, ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni ò lé wa. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló fún mi ní aṣọ kan da bora torí òun rí i pé ọmọdé ni mí.

Nígbà tí tírénì dé láàárọ̀, kò tíì dúró dáadáa táwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹja díndín lórí, iṣu sísun lórí. Mo ra àkàrà, mo fún ọmọ náà ní ṣílè kan, tírénì ti ṣí kó tó rí ṣéńjì. Ọmọ yẹn sáré. Ó sáré dé ibi tí plátífọ́ọ̀mù ti tán, ó fò wálẹ̀, ó sì na ọwọ́ ṣéńjì mi bọ fèrèsé. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Ohun tí mò ń sọ ni pé téṣàn yẹn kéré, kò ní àtẹ̀gùn oníná, àmọ́ ó gba èèyàn mọ́ra. Ẹni tó yà á nígbà yẹn mọ̀ pé èèyàn máa dúró, kì í ṣe kó kàn kọjá.

Ọmọ_Ìkéré_ní_Peckham
Bàbá, ẹ pa mí lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ibí. Rélùwéè àkọ́kọ́ tó wọ inú London, èyí tó lọ sí Greenwich, tí wọ́n ṣí ní 1836, orí bíríkì ni wọ́n gbé e sí, ọ̀wọ́ afárá onígun títẹ̀ tó tó 878, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ kọ́kọ́ rò pé àwọn á rí owó ilé níbẹ̀, wọn ò mọ pé ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò di ayé fún àwọn tí ò lówó ṣọ́ọ̀bù. Títí dòní, káàkiri ìlú, abẹ́ irin làwọn mẹkáníìkì wà, àwọn tó ń yan búrẹ́dì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gẹ irun fún mi, ọmọ Iléṣà, abẹ́ irin ló wà, tí tírénì bá ń kọjá á gbé abẹ kúrò lórí mi, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kì í dá ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dúró, ọwọ́ nìkan ló ń dá dúró.

Àmọ́ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n Òkèsà, ta ló ni ín? Níbí, ìgbà tí Network Rail, ilé iṣẹ́ tó ni irin ibí, ta líìsì àwọn abẹ́ irin wọ̀nyí ní 2019, bílíọ̀nù 1.46 pọ́n-ùn ni. Ẹ wo nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ní 1836. Bí owó gọbọi sì ti wọ̀ ọ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé owó ilé ń sáré ju àwọn lọ. Torí náà ẹ ṣọ́ra, kì í ṣe kí abẹ́ dáa nìkan, ẹ mọ ẹni tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá_Bọ̀lì_Adó
Ẹ kú u o. Ọmọ mi obìnrin ló ń kà yín fún mi, òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ afárá lèmi ti ń ta bọ̀lì o, abẹ́ fláì-óvà tiwa níbí, Adó. Ẹ ń sọ Lọ́ńdọ̀n, ẹ ń sọ Èkó, ẹ wá bi èmi.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀? Òjò. Òun náà ni. Tó bá ti ṣú báyìí gbogbo ọlọ́kadà Adó á sá wá sábẹ́ ẹ̀, ebi á sì pa wọ́n, torí òjò kì í jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo lè ta ogún bọ̀lì láàárín òjò kan. Oòrùn náà, ẹ̀yìn agogo méjìlá òjìji á yí lọ sí òdìkejì, èmi náà á gbé àtẹ mi tẹ̀ lé e, tó bá di agogo mẹ́rin á ti sún jìnnà sí i. Ẹsẹ̀ òjìji ni mò ń tẹ̀ lé ní gbogbo ọjọ́ ayé mi.

Lọ́jọ́ kan àwọn kan wá pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù wọn, mi ò ní dárúkọ ibi tí wọ́n ti wá, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n da ẹ̀yìnná mi sínú gọ́tà. Èédú tó ń jó lọ́wọ́, wọ́n dà á sínú omi, ó ń ṣe ṣààààà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Mo padà lọ, kí ni mo rí níbi tí wọ́n ti lé wa? Wọn ò ṣe nǹkan kan síbẹ̀! Ilẹ̀ ṣófo, àwọn èèyàn wá ń tọ̀ síbẹ̀. Bọ̀lì mi ló burú, ìtọ̀ ò burú. Mo ti padà sí àyè mi.

Ẹ̀fẹ̀_ni_mo_ń_ṣe
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ ibẹ̀, mo mọ bọ̀lì yín pàápàá, epo àti ẹ̀pà yẹn kì í ṣeré.

Ìmọ́tótó_Borí
Ẹ má bínú o, èmi ò ní bá yín gbà pátápátá. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìkà ni kí wọ́n lé èèyàn kúrò lábẹ́ afárá. Ẹ ti gbàgbé Apongbon? March 2022, iná ṣẹ́yọ lábẹ́ Eko Bridge láàárín àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀, iná náà ba afárá gan-an jẹ́, wọ́n ní láti tì í pa láti tún un ṣe. Gbogbo Èkó ló jìyà ẹ̀. Mò ń sọ fún yín, ẹ gba oníbọ̀lì kan láyè lónìí, lọ́la fọganáísà á dé pẹ̀lú táyà, lọ́túnla ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú jálá. Tí irin tírénì bá wá wà lókè iná yẹn ńkọ́?

Ìyá_Bọ̀lì_Adó
Ẹ̀yìnná mi ò tó ìkòkò ọbẹ̀, ṣé òun ló máa wó afárá?

Akítẹ́ẹ̀tì_kékeré
Ọ̀gá Ìmọ́tótó, òtítọ́ lẹ sọ, ẹ ò sì parọ́. Kọ́ńkéré yẹn irin ló wà nínú ẹ̀, tí iná bá sì pọ̀ tó pẹ́ lórí ẹ̀ ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, irin inú ẹ̀ á rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ohun tó ń jó bí ti Apongbon ni ọjà tí a dì mọ́ra, táyà, fóòmù, nǹkan oníkẹ́míkà, tí wọ́n tì pa sínú pákó lóru tí ẹnikẹ́ni ò sùn tì í. Abẹ́ tó ní iná mànàmáná, tó ní omi, tó ní ibi tí ọkọ̀ panápaná lè gbà wọlé, tí wọ́n ti yan ohun tí wọ́n lè tà níbẹ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ilẹ̀ tí a ò pín ni ẹni tó lágbára jù máa ń pín fún ara ẹ̀. Ọgbà onírin tí wọ́n máa ń ṣe yíká òpó, èmi ò ka ìyẹn sí ìmọ́tótó, ẹni tó yà á lórí pépà ló rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n máa ń gbójú fò, gíga. Tí afárá bá sún mọ́lẹ̀ jù, abẹ́ ẹ̀ á ṣókùnkùn, gbogbo ariwo tírénì á máa dún padà lé èèyàn lórí, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ jókòó síbẹ̀ àfi ẹni tó fẹ́ sápamọ́. Tó bá ga tí àlàfo sì wà láàárín irin méjèèjì, oòrùn á máa rí ibi gbà wọlé, òjìji á jẹ́ òjìji, kò ní di ihò.

Ọmọ_Ìkéré_ní_Peckham
Ẹ̀yin ń sọ òpó òpó, ó wá rán mi létí nǹkan tó yẹ kí àwa ọmọ Èkìtì kọ́kọ́ sọ ṣáájú Lọ́ńdọ̀n. Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére! Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀ ló gbé, ó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní ìlú mi. Àwọn òpó yẹn ló gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká, ibi tí ará ìlú ń jókòó sí tí wọ́n bá wá rí ọba. Ọ̀kan nínú wọn, ọba jókòó, ayaba dúró gbọn-in lẹ́yìn ẹ̀, ó ga ju ọba lọ, Chicago ló wà báyìí. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin kan náà, wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ní Wembley ní 1924, àwọn ará British Museum ní àwọn ò dá a padà mọ́, wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe níbí rọ́pò ẹ̀ fún Ògògà. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ kan tí mi ò níṣẹ́. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn ìlú mi, ẹni kan sì ń sọ fún mi pé kí n má sún mọ́ ọn jù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé òpó ní Èkìtì kì í ṣe igi tó ń gbé òrùlé nìkan. Ẹni tó bá jókòó nídìí ẹ̀ ló ń wò ó, wọ́n gbẹ́ ẹ fún ojú ẹni tó jókòó. Òpó tírénì wọ̀nyí, ojú ta ni wọ́n ṣe é fún? Àwọn ará Stockholm ti fi iṣẹ́ ọnà sí èyí tó pọ̀ jù nínú téṣàn wọn 100, àpáta inú ilẹ̀ náà ni wọ́n kùn láwọn ibì kan. Àwa tí a ti ń gbẹ́ òpó kí wọ́n tó mọ̀ wá, a wá ń wo kọ́ńkéré tí pósítà òṣèlú àti ti "Dókítà ìdọ̀tí ara" bò mọ́lẹ̀.

Òṣìṣẹ́_Abuja
Mo kàn fẹ́ fi ti wa síbí. Tírénì Abuja tí wọ́n ṣí ní July 2018, kìlómítà 45, téṣàn 12, àwọn téṣàn náà rẹwà, gíláàsì, òrùlé ńlá. Ó dúró ní 2020. Kí wọ́n tó tún un ṣí ní May 2024, ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní láti ṣe? Ọ̀nà dé téṣàn! Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé téṣàn wà, kò sí ojú pópó gidi tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ilé tó dára nínú igbó. Ẹ̀yin tó ń jà sí abẹ́, ẹ tún fi iwájú kún un.

Bàbá_Ìfàkì
Ọmọ mi, ìyẹn gan-an ni. Ẹ lọ wo Ìbàdàn. Téṣàn àtijọ́ wà ní Dùgbẹ̀, ọjà yí i ká, báǹkì yí i ká, Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965 ò jìnnà síbẹ̀, o sọ̀ kalẹ̀ nínú tírénì o ti wà láàárín ìlú. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, Mọ́níyà ló wà. Ó tóbi ju ti Dùgbẹ̀ lọ ní ìlọ́po, mo lọ rí i, inú mi dùn pé orúkọ Awólọ́wọ̀ ló wà lára ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo jáde, ìrìnàjò tuntun ló tún bẹ̀rẹ̀, mọ́tò mìíràn ni mo wọ̀ kí n tó dé Ìbàdàn tí mo ní mo ti dé. Tí wọ́n bá mú un wá fún wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé téṣàn Adó sínú oko ẹnìkan nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Ọjà Ọba wà nítòsí ààfin Èwí, àwọn tó tẹ ìlú dó kì í ṣe òmùgọ̀.

Ẹ̀fẹ̀_ni_mo_ń_ṣe
Bàbá, òkè ńkọ́? Adó yìí òkè ló yí i ká, Ìkéré òkè, Ẹ̀fọ̀n òkè. Ibo ni irin máa gbà? Kí wọ́n kúkú so okùn fún wa bíi ti Medellín ní Colombia. Mi ò ṣeré o, ọ̀tẹ̀ yìí mo ti wò ó lórí fóònù. Metro ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ní 2004 wọ́n wá fi okùn irin gbé àwọn àpótí kéékèèké gòkè lọ sí àdúgbò àwọn tálákà lórí òkè, èèyàn á jókòó sínú ẹ̀ bí ẹyẹ. Òpó díẹ̀ ló nílò, abẹ́ ẹ̀ ò sì ṣókùnkùn. Tó bá dúró lójijì lórí Olósùnta, òkè Ìkéré yẹn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbàdúrà 😂

Ọmọ_Òkèsà
Ìwọ tí o ní à ń pín ẹ̀dọ̀, o ti wá ń so okùn. Káàbọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín o. Màmá oníbọ̀lì, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín, kì í ṣe fún àwọn akítẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ lábẹ́ afárá, kí lẹ máa sọ?

Ìyá_Bọ̀lì_Adó
Mẹ́ta kẹ̀? Omi ẹ̀rọ, kí n yé fi owó ra kẹ́ẹ̀gì. Tọ́lẹ́ẹ̀tì, torí èmi náà obìnrin ni, láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo wà níbẹ̀. Ìkẹta, kí wọ́n bá mi fi bíríkì ṣe pèpéle kan sídìí òpó, tó gùn díẹ̀, kí oníbàárà lè jókòó jẹun. Àwọn ọlọ́kadà ń dúró jẹ bọ̀lì bí ẹṣin.

Àwòrán ọba àti ayaba tí ọmọ Ìkéré ń sọ, tí wọ́n bá fẹ́ kùn ún sára òpó, kò burú, àmọ́ kí wọ́n kùn ún sókè díẹ̀, torí èéfín mi.

Mo wà níbẹ̀ lọ́la. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìjìgbò, òpó kẹta.